Orí Ṣájà Tó Wọlé Kọ́ Ni Ṣájà Tó Bá Ẹ̀rọ Mu

   Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í ṣe ti gbígbá ojú àgbàrá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìjà àlà. Ọ̀rọ̀ àdápítọ̀ ni, àpótí dúdú kékeré tó máa ń wà lára wáyà ṣájà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Kí ló kan ẹlẹ́lùbọ́ kan àdápítọ̀?" Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó rí i pé ó kàn án dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé tó kọjá á rántí ariwo ọjọ́ náà. Pírińtà ẹgbẹ́, èyí tí a fi ń tẹ ìwé yìí àti rìsíìtì owó ẹgbẹ́, dákẹ́ kò tàn mọ́. Nígbà tí ọmọ tó mọ̀ nípa rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò ní àrùn kankan, àdápítọ̀ rẹ̀ ló kú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ká gbé e fún àwọn tó ń ra irin, ká dá owó, ká ra tuntun. Àwọn kan ní ká ra àdápítọ̀ yòówù tí ẹnu rẹ̀ bá ti wọlé, ṣebí iná náà ni gbogbo wọn ń gbé. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kò sí lẹ́yìn àwọn ti àkọ́kọ́, a kò sì sí lẹ́yìn àwọn ti èkejì. Owó ti àkọ́kọ́ pọ̀ jù, ewu ti èkejì pọ̀ jù.

Láyé àtùpà, bí òwú bá jó tán, ta ló ń ju àtùpà nù? Òwú là ń pààrọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í kàn fa aṣọ èyíkéyìí ya ká ní òwú dé. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù á yọ̀ bọ́ sínú epo, èyí tó nípọn jù kò ní wọ ẹnu àtùpà. Ohun tí ìyá wa mọ̀ nípa òwú nígbà náà, òun náà ni àwa ní láti mọ̀ nípa àdápítọ̀ báyìí.

Nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2001, ṣájà fóònù nìkan ni wàhálà wa: Nokia ẹnu ńlá, Nokia ẹnu kékeré, ó parí. Ẹ wá wo ọjà wa lónìí. Ẹni tó ń ta ìrẹsì ní POS lórí tábìlì. Ẹlẹ́ja tútù ní òṣùwọ̀n oníná. Àwọn tó ń ta oògùn ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń pariwo láti àárọ̀. Àwọn ọmọ tó ń tẹ ìwé fún aráàlú ní kọ̀ǹpútà, pírińtà, ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì wá. Àtùpà oníbátìrì kò lóǹkà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àdápítọ̀ tirẹ̀, gbogbo wọn dúdú, wọ́n jọra bí ìbejì, a ó sì ká gbogbo wọn sínú ọ̀rá kan náà lálẹ́. Bó bá di àárọ̀, a ó fọwọ́ kan èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ìparun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kò tíì gbàgbé ọ̀wọ́n owó ti 2023, a mọ̀. Báńkì àpapọ̀ kéde ní October 2022 pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ 200, 500 àti 1000 náírà. Nígbà tó fi máa di February 2023, owó ò sí nílé, owó ò sí lóko, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá a ní March 3 pé owó àtijọ́ ṣì ń ná. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tí POS rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ló ń tajà. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú, á máa wo oníbàárà bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà ni POS ti di bí òṣùwọ̀n fún wa, kò ṣeé fi sílẹ̀ nílé mọ́.

Ọ̀kan nínú wa, a ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣájà POS rẹ̀ sọ nù. Ó mú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ṣájà. Ọmọ ibẹ̀ kó ẹnu oríṣiríṣi jáde, ó ń tì wọ́n bọ ihò níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Èyí tó wọlé, ó ní, "Mọ̀mí, ó wọlé, ẹ mú owó wá." Wọ́n sanwó. Wọ́n délé, wọ́n fi í síná, kò pé ìṣẹ́jú mélòó kan tí òórùn fi jáde, bí ìgbà tí rọ́bà bá bọ́ sínú iná. Ẹni tó bá wọn tú u ní 5V ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́, 12V ni wọ́n fún un. Ẹnu bá ẹnu mu o, ṣùgbọ́n iná inú rẹ̀ ju ti ìlọ́po méjì lọ. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó rí òmíràn gbà, àtaré ni wọ́n ń tà láàárín ìgbà yẹn, kì í ṣe ìrẹsì, nítorí ẹni tó fẹ́ ra àpò kì í kó owó lọ́wọ́ mọ́.

Nítorí náà la fi ní ká jọ kọ́ bí a ṣe ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àdápítọ̀. Kò le. Ìwé mẹ́fà náà ni àwa kà, ó sì tó láti ka èyí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ babaǹlá: INPUT àti OUTPUT. INPUT ni iná tó ń wọ inú rẹ̀ láti ara ògiri. OUTPUT ni iná tó ń ti inú rẹ̀ jáde lọ sínú ẹ̀rọ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá tilẹ̀ wò ó, INPUT là ń wò, torí òun ló máa ń wà lókè. Gbogbo wọn ló ń kọ 240V síbẹ̀, a ó wá ní wọ́n dọ́gba. OUTPUT ni kí ẹ fojú wá.

Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ní V lẹ́yìn, èkejì ní A lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ní Kétu mọ̀ pé 1000 náírà àti 1000 séfà kì í ṣe owó kan náà. Ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ sára méjèèjì, ohun tó tẹ̀lé ẹgbẹ̀rún ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2V àti 2A. Ẹni tó bá rántí nọ́ńbà tó gbàgbé lẹ́tà kò tíì rántí nǹkan kan. Nígbà mìíràn wọn kì í kọ A lásán, mA ni wọ́n ń kọ. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. 1000 mA ló ń jẹ́ 1A, bí 100 kọ́bọ̀ ṣe ń jẹ́ náírà kan láyé ìgbà tí a ń ná kọ́bọ̀. Torí náà, 2000 mA àti 2A, ọ̀kan náà ni wọ́n.

V, ìyẹn fólítì, ni agbára tí iná fi ń ti ara rẹ̀ wọlé. Èyí gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀rọ mu. Bí ẹ̀rọ bá ní 12V lòun ń jẹ, ẹ fún un ní 12V. Bí ẹ bá fún un ní 19V ti laptop, ẹ ti sun ún. Bí ẹ bá fún un ní 5V, ó lè má tàn rárá, ó sì lè máa tàn máa kú bí ẹni tí ibà ń ṣe.

A, ìyẹn áńpù, yàtọ̀, ibí yìí sì ni àwọn tó ń tà á pàápàá ti ń ṣi wá lọ́nà. Áńpù tí wọ́n kọ sára àdápítọ̀ ni ìwọ̀n ẹrù tí ó lè rù. Ẹ fi wé alábàárù. Alábàárù tó lè ru àpò méjì, bí ẹ bá gbé àpò kan fún un, ṣé ọrùn rẹ̀ á ṣẹ́ ni? Á rù ú fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí agbára rẹ̀ kò ju àpò kan lọ, tí ẹ gbé méjì kà lórí, ẹ̀yin náà mọ ibi tó máa já sí. Bí ẹ̀rọ bá ń fẹ́ 1A, àdápítọ̀ tó ní 2A kò ní ṣe é ní nǹkan kan, ohun tí ẹ̀rọ bá nílò ló máa fà. Bí ẹ̀rọ bá ń fẹ́ 2A, tí ẹ fi 500 mA sí i, àdápítọ̀ á gbóná, á máa gbóná sí i, ṣíṣu ni kẹ́ ẹ máa fi ìyókù wò. Ẹ jọ̀wọ́, ìsọ̀ wa ló kún fún páálí àti aṣọ. Àdápítọ̀ tó gbóná tí ẹ kò lè fọwọ́ kàn, ẹ má sùn tì í, ẹ má sì fi sílẹ̀ nínú ìsọ̀ títì.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú lásán kò rí tó bá ti V àti A kọjá. Ẹ ó rí àwòrán òbíríkítí kékeré kan lára àdápítọ̀, tó ní àmì ìròpọ̀ ní apá kan, àmì ìyọkúrò ní apá kejì. Ó ń sọ èyí tó wà láàárín ẹnu àti èyí tó wà lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, àmì ìròpọ̀ ló máa ń wà láàárín. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ bi àwọn ọmọ yín tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Púpọ̀ nínú dùùrù Casio àtijọ́ tó ń lo 9V, àmì ìyọkúrò ló wà láàárín. Ti Yamaha tó ń lo 12V, ìròpọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá yá ti ọ̀dọ̀ kan lọ sí ọ̀dọ̀ kejì lè ba dùùrù ìjọ jẹ́ kí orin àkọ́kọ́ tó parí. Àwòrán tó wà lára àdápítọ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára ẹ̀rọ mu, lẹ́bàá ihò.

Tún wo ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ V. Bó bá jẹ́ ìlà gbọọrọ kan tó ní ìlà jájàjájá lábẹ́, iná tó ń lọ tààrà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní DC, òun sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré ń fẹ́. Bó bá jẹ́ ìlà tó rí kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, AC ni. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà tí àdápítọ̀ wọn ń tú AC jáde. Wọn ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà nínú òkìtì tókunbọ̀, ẹnu wọn sì rí bí ti àwọn yòókù gẹ́lẹ́.

Ti ẹnu gan-an ńkọ́? Ẹnu róbótó tó wọ́pọ̀ jù, ìbú rẹ̀ níta jẹ́ mìlímítà 5.5, ihò inú rẹ̀ sì pín sí méjì: 2.1 àti 2.5. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí ẹ bá ti ẹnu oníhò 2.5 bọ ara ẹ̀rọ tó ń fẹ́ 2.1, ó máa wọlé wẹ́rẹ́, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n á máa mì. Bí ẹ bá ṣún un, á tàn. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á kú. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a ń gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe pé "ó ń ṣe mọ́lẹ̀-ṣókùnkùn", kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu yìí lọ.

A gbọ́dọ̀ sọ ti ẹnubodè, nítorí kò sí ọjà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tó Ìwòyè. Ní August 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí wọ́n fà, wọn kò bi baba wa. Gẹ̀ẹ́sì mú ìsọ̀ oníhò mẹ́ta gígùn tirẹ̀ wá, Faransé mú oníhò méjì róbótó tirẹ̀ wá. Títí dòní, ohun tí ẹ bá rà ní Kétu tàbí tó ti Kùtọnu wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹsẹ̀ róbótó méjì ló máa ń ní. Ṣùgbọ́n iná méjèèjì fúnra wọn kò jìnnà síra, 220 sí 230 fólítì náà ni, lọ́tùn-ún àti lósì ààlà. Torí náà, ẹsẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, ẹ kàn nílò orí àfikún tó dára. Ohun tí a kò fẹ́ rí mọ́ ni àṣà kí á máa ti bírò tàbí igi ìṣáná bọ ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹsẹ̀ róbótó lè ráàyè wọlé. Kò dúró dáadáa níbẹ̀, ó máa ń tapá, ó sì máa ń jó sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, orí oníhò mẹ́ta ti Gẹ̀ẹ́sì ní fíúsì nínú tó ń dáàbò bò ó. Ẹ ti fò ó kọjá.

Èyí tó léwu jù nínú tókunbọ̀ ni ti Amẹ́ríkà. Iná wọn lọ́hùn-ún kò ju 120 fólítì lọ. Ohun tó bá kọ "INPUT 100-240V" lè jẹ tiwa àti tiwọn, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó bá kọ 120V nìkan, tí ẹ tì í bọ iná NEPA, ẹ kú ìnáwó. A mọ̀ pé NEPA kì í ṣe NEPA mọ́, wọ́n ti fà á lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti November 2013, ṣùgbọ́n orúkọ tí ọmọ mọ ìyá rẹ̀ ló ń pè é.

Àwọn kan máa sọ pé àdápítọ̀ tó wúwo ló dára, pé èyí tó fúyẹ́ "kò ní nǹkan nínú." Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Lóòótọ́, ìwúwo máa ń fi ayédèrú hàn nígbà mìíràn. Àmọ́ àwọn tó wúwo bí òkúta láyé ìjọsí, irin àti kọ́pà ló wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ń ṣọ́ iná. Wọ́n kọ 9V sára rẹ̀, bí ẹ bá fi mítà wò ó nígbà tí kò ru ẹrù, ẹ lè bá 12V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Àwọn fífúyẹ́ òde òní tó jẹ́ ojúlówó ń di iná mú dáadáa ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa ní August 2019, ẹ rántí ohun tí ojú wa rí. Ní November ọdún náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí epo bẹntiróòlù má dé ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà ogún sí ààlà. Àwa ni wọ́n ń bá wí. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ ní gbogbo ìsọ̀. Ní December 2020 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ẹnubodè kan padà. Láàárín ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wa bọ́ sórí sólà, ìyẹn sì dára. Àmọ́ àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹ̀rọ 12V mọ́ orí bátìrì tààrà, wọ́n ní ṣebí bátìrì 12V ni. Bátìrì tí oòrùn ń rọ iná sí lọ́sàn-án lè gòkè dé 14 fólítì kọjá. Àwọn ẹ̀rọ kan á gbà á, àwọn kan kò ní gbà á. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe sólà fún yín fi ẹ̀rọ kékeré tó ń mú fólítì dúró sójú kan sí àárín wọn. Owó rẹ̀ kò tó owó pírińtà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí àwọn kan kò ní fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ta ṣájà nínú ọjà yìí, ọmọ ẹgbẹ́ ni yín, a kò kórìíra yín. Ṣùgbọ́n "Mọ̀mí, ó wọlé" kò tó. Ẹlẹ́pà kì í sọ fún oníbàárà pé "ó kún" láìfi kóńgò wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin náà ní láti ní òṣùwọ̀n. Mítà kékeré tí àwọn onírédíò ń lò kì í ṣe ohun tí apá yín kò ká. Kí ẹ fi wọn ẹnu àdápítọ̀ lójú oníbàárà, kó rí nọ́ńbà náà, kí ẹ tó gbowó. Wọ́n á ní bí àwọn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọjà àwọn kò ní yá, pé olówó pọ́ọ́kú ni àwọn èèyàn ń fẹ́. Òótọ́ ni pé olówó pọ́ọ́kú là ń fẹ́. Gbogbo wa la jẹ̀bi ìyẹn. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ jó lọ́wọ́ yín lónìí, ìyá rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀ kò ní ra ṣájà lọ́wọ́ yín mọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà sì ti fún ẹni tó bá ra ọjà tó ní àbùkù ní agbára láti dá a padà. Ẹgbẹ́ wa kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí àwọn ti Àbújá máa wá kọ́ wa ní èyí. A ń dábàá pé kí ó di òfin ọjà wa: ṣájà tí ẹni tó tà á kò bá fi mítà wọ̀n lójú oníbàárà, tó bá ba ẹ̀rọ jẹ́, owó rẹ̀ di dídá padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á náà, ẹ má lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú àdápítọ̀ tó kú lọ́wọ́, má jù ú nù, òun ni ẹ̀rí yín. Bó bá ti sọ nù, ẹ wo abẹ́ tàbí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, wọ́n máa ń kọ V àti A tó ń fẹ́ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ V àti A ló bá mu, tí ẹnu nìkan kò bá mu, kì í ṣe ohun tí ẹ ó torí rẹ̀ sọkún; ọmọ tó mọṣẹ́ lè gé ẹnu àtijọ́ kó jó o mọ́ ara tuntun, bó bá ti lè fi mítà wá ìròpọ̀ àti ìyọkúrò kó tó jó o. Àwọn kan wà tí gígé kò lè ràn lọ́wọ́. Laptop Dell, fún àpẹẹrẹ, wáyà tín-ín-rín kan wà láàárín ẹnu rẹ̀ tó ń bi àdápítọ̀ pé ta ni ẹ́. Bí kò bá gbọ́ ìdáhùn, bátìrì kò ní gbaná.

Pírińtà ẹgbẹ́ wa wà nínú irú àwọn tó ṣòro bẹ́ẹ̀. Àdápítọ̀ rẹ̀ ń tú iná méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, 32V àti 16V, ihò mẹ́ta ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ní ká ra èyíkéyìí tó bá wọlé, ẹ wá wò ó, kò sí èyí tó máa wọlé nínú àwọn tó wà lórí àtẹ. Nọ́ńbà gígùn kan wà lára rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi ń dá a mọ̀. Nọ́ńbà yẹn ni a ó máa fi wá a, ní Ayétòrò, ní Abẹ́òkúta, àní títí dé Computer Village ní Ìkẹjà bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Irú pírińtà náà pọ̀ tí orí rẹ̀ ti kú tí àdápítọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú òkìtì àwọn tó ń ra irin. Èyí náà ló jẹ́ ká fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń sun wáyà lẹ́yìn ọjà nítorí kọ́pà dáwọ́ dúró. Èéfín rọ́bà yẹn kò dára fún ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń ta gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti ń kígbe, àdápítọ̀ tó ṣeé lò sì ń jóná mọ́ èyí tó ti kú.

Bó bá di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa ra ẹ̀rọ tuntun lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká wo ẹnu rẹ̀ kí a tó wo àwọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ti ṣòfin pé láti December 28, 2024, fóònù tuntun àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ lo ẹnu kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní USB-C, wọ́n sì fi April 28, 2026 sílẹ̀ fún laptop. Ṣájà rẹ̀ tó jẹ́ ojúlówó máa ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ kó tó tú iná: 5 ni o fẹ́ ni, àbí 9, àbí 15, àbí 20? Ohun tí ẹ̀rọ bá ní òun fẹ́ ló máa fún un. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe fún Yúróòpù náà ló máa di tókunbọ̀ wa lọ́la. Ẹ̀rọ tó bá ní ẹnu yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í ṣáájú nígbà tí a bá ń ná ọjà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú àdápítọ̀ tó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ni ín. A ó ní mítà níbẹ̀, a ó ní pílásítà funfun àti bírò tí omi kì í fọ̀. A ó kọ orúkọ ẹ̀rọ sára àdápítọ̀, a ó kọ V àti A sára ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò bá lè wá, kó fi rán ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní àdápítọ̀ oníhò mẹ́ta nílé, tó kọ 32V àti 16V sára, tí kò lò ó mọ́, kó jọ̀ọ́ mú un dání. Ẹgbẹ́ máa rà á.